Orí Kẹfà: Ohun Tó Ń Mú Ewu Àìsàn Àbímọ́ Pọ̀ Lára Ọmọkùnrin Tuntun

Àìsàn àbímọ́ ni àìsàn tàbí àbùkù tí ọmọ gbé wáyé láti inú ìyá rẹ̀, yálà ojú rí i lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, tàbí ó fara sin títí ọmọ fi ń rìn. Akọ àti abo ló ń bá jà, àmọ́ kì í bá wọn jà bákan náà. Egungun ìbàdí tó yẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀ wọ́pọ̀ lára ọmọbìnrin ju ọkùnrin lọ. Bí a bá sì ka gbogbo àìsàn àbímọ́ pọ̀, ti ọmọkùnrin ló pọ̀ jù. Ọmọkùnrin tí à ń bí láyé ju ọmọbìnrin lọ díẹ̀, nǹkan bí 105 sí 100, ṣùgbọ́n àwọn náà ló pọ̀ jù nínú ọmọ tí oṣù wọn kò pé.

Ohun méjì ló fa ìyàtọ̀ yìí. Ọmọbìnrin ní kírómósómù X méjì, ọmọkùnrin ní X kan pẹ̀lú Y kan. Bí jíìnì kan bá bàjẹ́ lórí X ọmọbìnrin, èkejì lè gbà á sílẹ̀. Ti ọmọkùnrin kò ní arọ́pò. Èkejì ni pé ẹ̀yà ara ọkùnrin ń gba iṣẹ́ púpọ̀ kí ó tó pé, ìgbà tí a sì yàn fún iṣẹ́ náà nínú oyún kò gùn.

Ó yẹ kí a ya ohun tó ń mú ewu pọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó dá àìsàn sílẹ̀. Ọ̀nà tó ń yọ̀ kò ní kí gbogbo ẹni tó gba ibẹ̀ kọjá ṣubú, ẹlòmíràn sì wà tó ṣubú lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ní àwọn àbùkù tí a fẹ́ mẹ́nu bà ni a kò rí ewu kankan tọ́ka sí nínú oyún wọn, nítorí náà kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni fi orí yìí dá ìyá ọmọ lẹ́bi.

Iṣẹ́ tó ń lọ nínú oyún

Títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ojú kò lè fi ìyàtọ̀ sáàárín ọlẹ̀ tó máa di ọkùnrin àti èyí tó máa di obìnrin. Jíìnì kan lórí Y, tí wọ́n ń pè ní SRY, ló ń pàṣẹ pé kí kóró ẹpọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà. Ọdún 1990 ni àwọn onímọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù dá jíìnì náà mọ̀. Inú ikùn, nítòsí kíndìnrín, ni kóró ẹpọ̀n ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe inú àpò rẹ̀. Nígbà tó bá fi di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹjọ, ó ti ń ṣe họ́mọ́ọ̀nù ọkùnrin, testosterone. Láàárín ọ̀sẹ̀ kẹjọ sí ìkẹrìnlá ni họ́mọ́ọ̀nù yìí ń mọ okó, tó sì ń sé ojú ọ̀nà ìtọ̀ pa. Bí aránṣọ ṣe ń rán etí aṣọ méjì pọ̀ ni: iṣẹ́ náà ń bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ó sì ń lọ títí dé orí okó.

Ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá jẹ́ oṣù mẹ́ta àti díẹ̀. Ọ̀pọ̀ obìnrin ni kì í forúkọ sílẹ̀ nílé ìwòsàn títí oyún fi pé oṣù mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ní ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gba káàdì, iṣẹ́ yìí ti parí. Ìmọ̀ràn tó kan òògùn, ọtí àti sìgá ti pẹ́ jù fún ẹ̀yà ara yìí, àyàfi tí obìnrin bá gbọ́ ọ kí ó tó lóyún.

Ihò ìtọ̀ tí kò sí níbi tó yẹ

Bí rírán náà bá dúró lójú ọ̀nà, ihò ìtọ̀ kò ní dé orí okó. Ó lè wà lábẹ́ rẹ̀, ní ìdí rẹ̀, tàbí nínú ẹpọ̀n pàápàá. Àwọn dókítà ń pè é ní hypospadias. Nǹkan bí ọmọkùnrin kan nínú 200 sí 300 ló ń ní in. Okó lè tẹ̀ wálẹ̀, awọ iwájú rẹ̀ kì í sì yí i ká: ó máa ń kó jọ sórí bí fìlà, ìsàlẹ̀ á sì wà ní ṣíṣí. Ẹni tó bá wo ọmọ náà dáadáa nígbà ìwẹ̀ lè rò pé wọ́n ti dá a lábẹ́ láti inú oyún.

Lára ohun tó ń mú ewu rẹ̀ pọ̀, ìdílé ni àkọ́kọ́. Bí baba tàbí ẹ̀gbọ́n bá ní in, ó rọrùn kí èyí tó ń bọ̀ náà ní in. Ìkejì ni kí ọmọ kéré ju bó ṣe yẹ lọ nítorí pé ibi ọmọ kò ṣiṣẹ́ dáadáa. Ìdí tó wà níbẹ̀ yé ni: ní ìbẹ̀rẹ̀ oyún, họ́mọ́ọ̀nù láti inú ibi ọmọ ló ń rọ kóró ẹpọ̀n láti ṣe testosterone. Ibi tí kò lágbára kò lè rọ ẹnikẹ́ni. Wọ́n ti kíyè sí i láàárín àwọn ìbejì tó jọra bí imú kan náà pé èyí tó kéré jù lọ́jọ́ ìbí ni àbùkù yìí sábà máa ń mú. Òògùn wárápá tí wọ́n ń pè ní valproate, tí ìyá bá lò ó nínú oyún, wà lára ohun tó ń mú ewu yìí pọ̀. Síbẹ̀, aboyún tó ní wárápá kò gbọdọ̀ dá òògùn rẹ̀ dúró fúnra rẹ̀, nítorí gìrì lè pa òun àti ọmọ. Dókítà ló máa pààrọ̀ rẹ̀, ó sì dára kí èyí ṣẹlẹ̀ ṣáájú oyún.

Ohun tó ń ṣe àwọn ọmọ yìí ní jàǹbá lẹ́yìn ìbí ni ìdábẹ́. Nílẹ̀ Yorùbá, ó ṣọ̀wọ́n kí ọmọkùnrin lo oṣù díẹ̀ láyé kí wọ́n má tíì dá a lábẹ́; ẹlòmíràn kì í kọjá ọjọ́ ìkómọ. Awọ iwájú tí olóólà tàbí nọ́ọ̀sì ń gé sọnù yìí gan-an ni oníṣẹ́ abẹ fi ń tún ojú ọ̀nà ìtọ̀ ṣe, nígbà tí ọmọ bá tó nǹkan bí oṣù 6 sí 18. Bí wọ́n bá ti gé e, aṣọ tí à bá fi dí ihò ti lọ. Iṣẹ́ náà ṣì ṣeé ṣe, àmọ́ ó máa le, ó sì lè gba ìgbà púpọ̀. Ọmọ tí ihò ìtọ̀ rẹ̀ kò sí lórí okó kò gbọdọ̀ rí abẹ́ títí oníṣẹ́ abẹ yóò fi wò ó.

Kóró ẹpọ̀n tí kò sọ̀ kalẹ̀

Kóró ẹpọ̀n tó bẹ̀rẹ̀ nítòsí kíndìnrín gbọ́dọ̀ rin ìrìn àjò kí ó tó dé àpò rẹ̀. Ìpele kejì ìrìn náà, láti ibi tí itan ti pàdé ikùn sí inú àpò, máa ń wáyé láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 25 sí 35. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bíbí ọmọ kí oṣù rẹ̀ tó pé ni ewu tó ga jù lọ fún àbùkù yìí. Nínú ọmọkùnrin 100 tí oṣù wọn pé, méjì sí mẹ́rin ni kóró ẹpọ̀n wọn kì í tíì sọ̀. Nínú àwọn tí oṣù wọn kò pé, ó lè tó 30. Ìbejì sábà máa ń yá ju ọmọ kan lọ, wọ́n sì sábà máa ń kéré. Nítorí náà ní agbègbè bí Ìgbó-Ọrà, tí ìbejì ti pọ̀ bí iyẹ̀pẹ̀, ó yẹ kí agbẹ̀bí máa yẹ ẹpọ̀n wò lójoojúmọ́ iṣẹ́. Ìdílé náà ní ipa tirẹ̀, àti sìgá tí ìyá mu, àti àtọ̀gbẹ nínú oyún.

Bí a ṣe ń wò ó ṣe pàtàkì, torí àyẹ̀wò tí a fi ọwọ́ tútù ṣe lè tanni jẹ. Òtútù máa ń mú kí iṣan fa kóró ẹpọ̀n gòkè, kí ó dà bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Yàrá gbọ́dọ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, ọwọ́ náà bẹ́ẹ̀. Kí ọmọ dùbúlẹ̀ lórí ẹ̀yìn, kí olùyẹ̀wò fi ìka ọwọ́ kan rin láti òkè ibi tí itan ti pàdé ikùn wá sísàlẹ̀, bí ẹni ń fún wàrà jáde lára ẹran, kí ọwọ́ kejì sì dúró dè é nínú àpò. Kóró tó bá wálẹ̀ tó sì dúró níbẹ̀ kò ní wàhálà. Àpò tó tẹ́jú láìní ìkójọ awọ ń sọ pé kóró kò tíì dé ibẹ̀ rí.

Ọ̀pọ̀ ni yóò sọ̀ fúnra rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Èyí tí kò bá sọ̀ títí oṣù mẹ́fà kì í sábà sọ̀ mọ́, ó sì yẹ kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ kí ọmọ tó pé oṣù 18. Ooru inú ikùn ju ti àpò ẹpọ̀n lọ, ooru yìí ló ń ba àtọ̀ jẹ́ bí ọdún ti ń gorí ọdún, ó sì ń mú ewu jẹjẹrẹ pọ̀. Ọkùnrin mìíràn wà tó jẹ́ pé ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ kò tètè lóyún ló ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé kóró òun kò pé méjì.

Àbùkù kan tún wà ní ojú ọ̀nà ìtọ̀ tó jẹ́ ti ọkùnrin nìkan: awọ tín-ín-rín kan a dábùú ọ̀nà náà, ìtọ̀ a sì padà sẹ́yìn lọ ba kíndìnrín jẹ́. Ó ṣọ̀wọ́n, a kò sì rí ohun kan pàtó nínú oyún tí a lè dì mọ́ ọn. Ẹni tó bá ti tún ọmọkùnrin wọ ìlédìí mọ̀ pé ìtọ̀ wọn a máa ta sí olúwa rẹ̀ lójú. Èyí tí ìtọ̀ rẹ̀ ń kán tótó, tí ikùn rẹ̀ sì le nísàlẹ̀ ìdodo, kò yẹ kó sun ilé mọ́jú.

Ohun tí X gbé wá láti ọ̀dọ̀ ìyá

Ọmọ ilé baba ni ọmọ nílẹ̀ Yorùbá. Orúkọ ìdílé, oríkì àti ogún, láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wá. Nítorí náà, bí àìsàn bá bẹ́ sílẹ̀, ilé baba ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò. Fún àìsàn orí X, ojú ibi tí kò tọ́ ni wọ́n ń wò. Y ni baba fún ọmọkùnrin rẹ̀; X rẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ewu ọmọ náà, kí ó béèrè nípa àwọn arákùnrin ìyá rẹ̀, àwọn arákùnrin ìyá ìyá rẹ̀, àti ọmọkùnrin àwọn arábìnrin ìyá.

Hẹmofílíà, àìsàn ẹ̀jẹ̀ àìdá, ni àpẹẹrẹ tó gbajúmọ̀ jù. Jíìnì tó yẹ kó máa ṣe èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì ló bàjẹ́. Irú ti A ń mú nǹkan bí ọmọkùnrin kan nínú 5,000. Irú ti B ṣọ̀wọ́n jù bẹ́ẹ̀. Obìnrin tó gbé jíìnì náà lè máà ní àmì kankan, ṣùgbọ́n bó bá bí ọmọkùnrin, ìdajì ìdajì ni: ọmọ lè ní in, ó sì lè má ní in. Àwọn Júù ti ṣàkíyèsí èyí ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó mọ jíìnì: òfin wà nínú Talmud pé bí ọmọkùnrin méjì bá ti kú nípasẹ̀ ìkọlà, kí a má kọ ẹ̀kẹta nílà, ọ̀rọ̀ náà sì kan ọmọ àwọn obìnrin tó jẹ́ arábìnrin. Ní 1803, dókítà ará Philadelphia kan, John Conrad Otto, kọ̀wé nípa ìdílé kan tí àwọn ọkùnrin nìkan ti ń ṣẹ̀jẹ̀ ju bó ti yẹ, tí àwọn obìnrin tí ara wọn le sì ń gbé e fún ọmọ wọn. Níbi tí kò ti sí irú àkíyèsí bẹ́ẹ̀, kò ṣòro kí ilé tó sin ọmọkùnrin méjì lẹ́yìn ìdábẹ́ gbà pé àbíkú ni.

Ìtàn ìdílé kò tó láti fọkàn balẹ̀: nǹkan bí ìdámẹ́ta àwọn tó ní hẹmofílíà ni kò sí ẹnikẹ́ni ní ìdílé wọn tó ní in, jíìnì ṣẹ̀ṣẹ̀ bàjẹ́ lórí wọn ni. Níbi tí ìtàn bá ti wà, a lè gba ẹ̀jẹ̀ láti inú ìwọ́ lọ́jọ́ ìbí láìgún ọmọ. Bí àyẹ̀wò bá fi irú A hàn, ó ti yanjú. Èròjà ti B máa ń kéré lára gbogbo ọmọ tuntun. Bó bá jẹ́ èyí tó fúyẹ́, àfi kí wọ́n tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Abẹ́ gbọ́dọ̀ dúró títí ọ̀rọ̀ yóò fi yé.

Àìsàn Duchenne náà ń gba ọ̀nà X kan náà wọlé. Iṣan ọmọ á máa rọ díẹ̀díẹ̀ láti kékeré, títí ẹsẹ̀ kò fi ní lè gbé e mọ́. Ọjọ́ ìbí kì í fi hàn; ọmọ tó ń fi ọwọ́ gun itan rẹ̀ gòkè kó tó lè dìde nílẹ̀ ló sábà ń tú àṣírí rẹ̀.

G6PD, káńfọ̀ àti ibà pọ́njú

Nínú gbogbo ohun tí X ń gbé wá, àìtó G6PD ló wọ́pọ̀ jù nílẹ̀ Yorùbá. Ẹ́ńsáìmù ni G6PD, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ ohun tó lè jó o. Lágbàáyé, ó lé ní 400 mílíọ̀nù ènìyàn tí kò ní i tó. Ní Nàìjíríà, nǹkan bí ọkùnrin kan nínú márùn-ún ni. Ìdí tó fi wọ́pọ̀ bẹ́ẹ̀ wà nínú iṣẹ́ tí Lucio Luzzatto àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Ìbàdàn, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1969. Wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ àwọn obìnrin tí X wọn kan dára tí èkejì kò sì dára, tí sẹ́ẹ̀lì oríṣi méjì fi wà nínú ẹ̀jẹ̀ kan náà, wọ́n sì rí i pé kòkòrò ibà ń wọ inú sẹ́ẹ̀lì tó dára ju èyí tí G6PD rẹ̀ kò tó lọ. Jíìnì tó ń ṣe ọmọ ní jàǹbá yìí, òun náà ló ń bá a lé ibà.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ní i kò ní mọ̀ títí ayé wọn, àfi tí ohun kan bá tọ́ sẹ́ẹ̀lì wọn. Òògùn ibà primaquine ló kọ́kọ́ tú àṣírí náà ní Amẹ́ríkà ní 1956. Ẹ̀wà ilẹ̀ Mẹditaréníà kan náà wà lára ohun tó ń tọ́ sẹ́ẹ̀lì wọn. Kì í ṣe olóyin tàbí ẹ̀wà funfun tí à ń jẹ. Fún ọmọ tuntun níhìn-ín, káńfọ̀ ni ọ̀tá tó wà nítòsí jù: kóró funfun olóòórùn líle tí wọ́n ń tò sáàárín aṣọ kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Aṣọ ẹ̀gbọ́n tí wọ́n ti tò sínú àpótí láti ọdún méjì, káńfọ̀ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ni wọ́n máa ń yọ jáde fún àbúrò ní ọ̀sẹ̀ ìkómọ. Ọmọ ń fa òórùn rẹ̀ símú, ó sì ń gba awọ wọlé, pàápàá bí wọ́n bá ti fi òróró pa á lára kí wọ́n tó wọ̀ ọ́ láṣọ. Sẹ́ẹ̀lì pupa á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Ìpara àti ìyẹ̀fun olómẹ́ńtọ́ọ̀lù náà wà lára ohun tó léwu: àwọn olùwádìí Olowe àti Olikoye Ransome-Kuti tẹ ìwádìí jáde ní 1980 nípa ewu tó ń ṣe fún ọmọ tí G6PD rẹ̀ kò tó.

Sẹ́ẹ̀lì tó fọ́ ń di bilirúbìnì, èyí ló ń pọ́n ojú àti awọ ọmọ, tí à ń pè ní ibà pọ́njú. Bó bá pọ̀ jù, á wọ ọpọlọ. Ọmọ náà lè kú, ó sì lè yè kó di adití tàbí kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ máa yí. Lára ọmọ dúdú, àwọ̀ ara kì í tètè fi hàn. Kí wọ́n gbé ọmọ lọ sí ẹnu fèrèsé lọ́sàn-án, kí wọ́n fi ìka tẹ imú tàbí iwájú orí rẹ̀, kí wọ́n wo àwọ̀ ibẹ̀ bí wọ́n bá gbé ìka kúrò. Kí wọ́n wo funfun ojú, èrìgì, àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀. Bí àtẹ́lẹsẹ̀ bá ti pọ́n bí atalẹ̀ pupa, ọ̀rọ̀ ti kọjá ti ilé. Èyí tó bá pọ́n láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́, ilé ìwòsàn ni lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, bó ti wù kó kéré mọ.

Omi glúkóòsì kò wo ibà pọ́njú, bẹ́ẹ̀ ni omi ìbẹ́pẹ. Ti oòrùn gba àlàyé. Ìmọ́lẹ̀ ló ń tú bilirúbìnì, iná aláwọ̀ búlúù ilé ìwòsàn sì ń ṣe é dáadáa. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Èkó, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2015, fi hàn pé oòrùn tí wọ́n fi ọ̀rá pàtàkì sẹ́, tó dá ooru àti ìtànṣán búburú dúró, tó iná náà, níbi tí àwọn elétò ìlera ti ń ṣọ́ ọmọ. Ti ọmọ tí wọ́n tẹ́ sí ojú àgbàlá fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láàárọ̀ yàtọ̀ sí èyí, àkókò tó sì ń lọ níbẹ̀ ni ọpọlọ ń sanwó fún.

Ìfun àti ikùn

Àìsàn méjì tó ń mú ìfun àti ikùn wọ́pọ̀ lára ọmọkùnrin ní ìlọ́po mẹ́rin. Ní Hirschsprung, iṣan ìmọ̀lára kò dé òpin ìfun, ìgbẹ́ kò sì rí ẹni tì í. Jíìnì kan tí wọ́n ń pè ní RET wà lára okùnfà rẹ̀, àìsàn náà sì wọ́pọ̀ lára àwọn ọmọ tó ní àìsàn Down. Ọmọ tí kò yàgbẹ́ dúdú àkọ́kọ́ láàárín wákàtí 48 ni kí a fura sí. Ní ti èkejì, ẹnu ọ̀nà àbájáde inú ikùn á nípọn títí wàrà kò fi ní kọjá. Àkọ́bí ọkùnrin ni ewu rẹ̀ wọ́pọ̀ sí jù, láàárín ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹjọ, èébì á sì máa tú jáde bí ẹni fọ́n omi. Òògùn erythromycin tí wọ́n bá fún ọmọ ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ń mú ewu yìí pọ̀. Ìdí kan nìyí tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni lọ rà á ní kẹ́mísì fún ìkókó láìjẹ́ pé dókítà kọ ọ́.

Ohun tó wà ní ọwọ́ ìyá àti ilé rẹ̀

Ọjọ́ orí, ìdílé àti jíìnì kò sí ní ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Àtọ̀gbẹ ṣeé kápá ṣáájú oyún, ìwọ̀n rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ti dára kí oyún tó dé, torí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni ṣúgà tó pọ̀ lẹ́jẹ̀ ti ń ṣe jàǹbá. Sìgá àti ọtí yẹ ní fífi sílẹ̀. Fọ́líìkì ásíìdì dára, kí obìnrin sì máa lò ó ṣáájú oyún, àmọ́ eegun ẹ̀yìn àti ọpọlọ ló ń dáàbò bò. A kò gbọdọ̀ retí pé yóò sé ihò ìtọ̀.

Òògùn kan wà tí a kì í rò pé ó kan aboyún rárá: finasteride, tí àwọn bàbá ń lò fún kókó tó wú nídìí ilé ìtọ̀. Ó ń dí họ́mọ́ọ̀nù tó ń mọ ẹ̀yà ara ọkùnrin lọ́nà. Aboyún tó ń ṣètò òògùn fún bàbá ọkọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ kan hóró rẹ̀ tó ti fọ́ tàbí èyí tí wọ́n lọ̀. Kí ẹlòmíràn nínú ilé bá a ṣe é.